Àwòdì Òkè àti Ará Ilẹ̀: Ìtàn Ìmọ̀ nípa Ìrìnàjò Ẹyẹ ní Òjóò àti Agbègbè Rẹ̀

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ìwà ọmọ ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi òwe náà bá wí: ẹni tí ó rò pé kò sí ojú tí ó ń rí òun. Síbẹ̀, òwe kì í ti inú òfìfo wá. Kí ẹnikẹ́ni tó lè pa òwe yìí, ẹnìkan ti ní láti dúró lóko, kí ó gbójú sókè, kí ó sì máa fi ojú bá àwòdì lọ títí yóò fi pòórá. Ẹ̀rí ni òwe náà jẹ́ pé ìwòye ti wà kí ìwé tó dé.

Ìtàn àwọn tí wọ́n ti ń wo ẹyẹ ní apá àríwá Ìbàdàn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Òjóò ni ó wà láàrin ìtàn náà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó wá, tí wọ́n ṣí ní 1978, ti pàdé ọ̀nà Ọ̀yọ́. Yunifásítì Ìbàdàn wà ní apá gúúsù rẹ̀. Ní apá àríwá, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ kan náà, ni ibùdó ìwádìí International Institute of Tropical Agriculture wà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì lọ sí ẹnu ọ̀nà IITA yóò gba Òjóò kọjá, láàrin ariwo àwọn awakọ̀ àti ọjà. Bóyá ni yóò ronú pé ọ̀kan lára àwọn ìtàn ìmọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nípa ẹyẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ń gba àárín rẹ̀ kọjá.

Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀wọ́ mẹ́ta ni àwọn tí ìmọ̀ wọn kan ìrìnàjò ẹyẹ ní agbègbè yìí: àgbẹ̀, onímọ̀ nípa ẹranko, àti onímọ̀ físíìsì. Olúkúlùkù wọn mú apá kan nínú òtítọ́ náà dání. Èdè, iṣẹ́ àti odi ni kò jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀. Gbèsè àìjókòó-pọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀ títí di òní.

Ẹyẹ gẹ́gẹ́ bí Kàlẹ́ńdà Àgbẹ̀

Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ Yorùbá kò nílò ìwé kí ó tó mọ ibi tí ọdún dé. Ìwọ́wé, ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn, àkọ́rọ̀ òjò: ara ewé, ara ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ni ó ti ń kà wọ́n. Ẹyẹ wà lára ohun tí ó ń kà. Bí òjò bá ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, tí koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, lékèélékèé yóò dé. Wọn yóò máa tẹ̀ lé agbo màlúù kiri inú pápá, funfun lára ilẹ̀ pupa. Bí òjò bá sì ti fìdí múlẹ̀, wọn yóò lọ. Àwọn ọmọdé mọ ìgbà náà dáadáa, nítorí wọ́n máa ń na ọwọ́ sí lékèélékèé tí ó ń fò kọjá, wọn yóò sì máa kọrin bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Ọmọ tí ó ń kọ orin náà ń ṣeré ni, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ní àkókò tirẹ̀ láàrin ọdún.

Àwòdì náà ní ìgbà tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì máa ń kọ́ ìtẹ́ sórí igi gíga. Níbikíbi tí àwọn àgbẹ̀ tàbí ọdẹ bá ti ti iná bọ igbó, kò ní pẹ́ tí àwòdì yóò fi máa rá bàbà lókè èéfín. Kì í ṣe iná ni ó ń wá. Tata, aláǹgbá àti eku tí iná lé jáde ni ó ń ṣọ́. Bákan náà ni lékèélékèé kì í tẹ̀ lé màlúù nítorí màlúù. Kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé dìde nínú koríko ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí koríko ga, tí igbó sì dí, oúnjẹ wọ̀nyí a fara pamọ́ ní gúúsù. Àkókò yìí gan-an ni òjò ń dé òkè Ọya, tí kòkòrò sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ẹyẹ a bá òjò lọ.

Màlúù pàápàá ń rìn ìrìn yìí. Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbòde, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ màlúù fi ń ti òkè Ọya wá sí ọjà Ìbàdàn. Àwọn darandaran Fúlàní náà a sì máa da agbo wọn wá sí gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti wá koríko àti omi. Màlúù, lékèélékèé àti àwòdì ń ka ìwé kan náà, òjò sì ni ó kọ ọ́.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí irú ìmọ̀ tí èyí jẹ́. Ìmọ̀ nípa ìgbà ni. Àgbẹ̀ mọ ọjọ́ tí lékèélékèé dé, ó sì mọ ọjọ́ tí ó lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ó lọ gan-an kò hàn sí i láti inú oko rẹ̀. Èyí kì í ṣe àléébù Yorùbá nìkan. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, gbà pé àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ kan a máa fara pamọ́ sínú ihò nígbà òtútù, èrò yìí sì wà ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ohun tí ó mi èrò náà lẹ́sẹ̀ ti Áfíríkà wá. Ní 1822, nítòsí ìlú Klütz ní Jámánì, wọ́n pa ẹyẹ àkọ̀ kan tí ọ̀kọ̀ gígùn kan gún lọ́rùn ní àgúnyọ. Ọ̀kọ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Áfíríkà. Ọdẹ kan ní ilẹ̀ Áfíríkà ti ju ọ̀kọ̀, ẹyẹ náà sì gbé e fò dé Yúróòpù. Ó ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí di òní. Àwọn ará Yúróòpù mọ ìgbà tí ẹyẹ wọn ń lọ, wọn kò mọ ibi tí ó ń lọ. Àwọn ará Áfíríkà mọ ìgbà tí ẹyẹ ń dé, wọn kò mọ ibi tí ó ti wá. Ìdajì ìtàn kan náà ni apá méjèèjì ní lọ́wọ́.

Òrùka, Ìwé àti Yunifásítì

Ọ̀nà tí wọ́n gbà so ìdajì méjèèjì pọ̀ kò le rárá. Ní 1899, olùkọ́ kan ní Dẹ́ńmákì, Hans Christian Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í de òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ó kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sára òrùka náà. Ẹni tí ó bá rí ẹyẹ náà níbòmíràn yóò fi ìròyìn ránṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ẹyẹ ti di ohun tí a lè dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ó ní ilà ojú.

Ní Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ Nigerian Field Society, tí A. F. B. Bridges dá sílẹ̀ ní 1930, fún wọn ní ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n lè kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìdásílẹ̀ University College, Ìbàdàn, ní 1948 ni ó sọ iṣẹ́ àfipawọ́ yìí di iṣẹ́ ìwádìí. John Elgood, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ ẹranko níbẹ̀, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn jù lọ. Ní 1958, Elgood ṣe àpèjúwe ẹyẹ kan, dúdú òun pupa, tí kò sí nínú ìwé onímọ̀ kankan títí di ìgbà náà. Ó sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis. Báyìí ni orúkọ Ìbàdàn ṣe wọ inú ìwé ẹyẹ àgbáyé.

Ní 1964, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tiwọn. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ náà gbòòrò dé gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Malimbus, orúkọ ìdílé ẹyẹ tí ti Ìbàdàn wà lára wọn. Iṣẹ́ ńlá méjì ni ó jáde láàrin àkókò yìí. Ní 1966, Elgood, R. E. Sharland àti P. Ward kọ̀wé nípa àwọn ẹyẹ tí ń ti Yúróòpù àti Éṣíà wá sí Nàìjíríà. Ní 1973, Elgood, C. H. Fry àti R. J. Dowsett kọ̀wé nípa àwọn ẹyẹ tí ìrìn wọn kò kúrò ní Áfíríkà. Sharland ti fi ọ̀pọ̀ ọdún de òrùka mọ́ ẹyẹ ní Nàìjíríà, Fry sì jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria.

Èkejì nínú iṣẹ́ méjèèjì ni ó kan ìtàn àgbẹ̀ jù. Àwọn onímọ̀ Yúróòpù ti pẹ́ tí wọ́n ń ka ìrìnàjò ẹyẹ sí ohun tí òtútù ilẹ̀ wọn ń fà. Iṣẹ́ 1973 fi hàn kedere pé Áfíríkà ní ìrìnàjò tirẹ̀, tí kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú òtútù. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ a máa bá òjò lọ sí àríwá, wọn a sì bá ẹ̀ẹ̀rùn padà sí gúúsù. Lékèélékèé àti àwòdì wà lára wọn. Ohun tí ọmọ àgbẹ̀ ń kọ lórin ni ó di ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú ìwé ìwádìí. Gẹ̀ẹ́sì àti Látìn ni èdè ìwé náà, bí ìlànà iṣẹ́ wọn ti béèrè. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó bá ṣí i kò ní mọ̀ pé lékèélékèé òun ni wọ́n ń sọ.

Bí iye wọn ti pọ̀ tó yani lẹ́nu. Ní 2009, àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí bílíọ̀nù 2.1 ẹyẹ ní ń ti Yúróòpù wá sí Áfíríkà lọ́dọọdún. Ní Ebbaken, nítòsí Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ni ó máa ń sùn lórí òkè koríko kan ṣoṣo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn a dà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí èéfín tí ó ń padà sínú iná.

Ohun Tí Ẹyẹ Fi Ń Mọ̀nà

Ibi tí ẹyẹ ń lọ ti hàn. Báwo ni ó ṣe ń mọ̀nà? Ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ gbájú mọ́ láti àárín ọ̀rúndún 20. Gustav Kramer, ará Jámánì, fi hàn ní àyíká 1950 pé ẹyẹ lè fi ipò oòrùn mọ̀nà, kí ó sì máa ṣírò bí oòrùn ti ń yí láti àárọ̀ dé alẹ́. Stephen Emlen, ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní 1967 pé àwọn ẹyẹ tí ń fò lóru ń wo ìràwọ̀. Ohun èlò rẹ̀ kò ju ìwé tí a ká bí àrọ́ àti tàdáwà lọ. Ẹyẹ tẹ tàdáwà ní ìsàlẹ̀, ó ń fò sókè sára ìwé, ipasẹ̀ rẹ̀ sì ń fi apá ibi tí ọkàn rẹ̀ fà sí hàn. Ní Ítálì, Floriano Papi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní 1972 pé òórùn inú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tí ẹyẹlé fi ń mọ ọ̀nà ilé. Ẹyẹlé tí Yorùbá mọ̀ sí ẹyẹ tí kì í kọ onílé sílẹ̀ ń fi imú wá ilé náà.

Èyí tí ó kan Ìbàdàn jù lọ ni òòfà. Ní ìlú Frankfurt, ní 1965, Fritz Merkel àti Wolfgang Wiltschko fi hàn pé ẹyẹ tí kò rí oòrùn, tí kò sì rí ìràwọ̀, ṣì mọ apá ibi tí ó yẹ kí ó kọjú sí. Ipá òòfà ilé-ayé ni ó ń tọ́ ọ. Ní 1972, Wolfgang àti Roswitha Wiltschko ṣàlàyé bí ó ti ń ṣe é. Kọ́ńpáàsì ẹyẹ kò dà bí ti awakọ̀ ojú omi, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí àríwá. Ìdàgẹ̀rẹ́ ìlà òòfà ni ẹyẹ ń kà. Ní Yúróòpù, ìlà òòfà ń dà gẹ̀rẹ́ wọ inú ilẹ̀. Apá tí ó dà sí ni ọ̀nà òpin ayé, apá kejì sì ni ọ̀nà agbedeméjì ayé.

Ìṣòro ni pé bí ẹyẹ bá ti ń sún mọ́ agbedeméjì òòfà, ìdàgẹ̀rẹ́ yìí ń dín kù títí ìlà òòfà yóò fi tẹ́jú bí ẹní. Níbẹ̀, kọ́ńpáàsì ẹyẹ kò sọ nǹkan kan. Bí ó bá sì kọjá ibẹ̀, ọ̀nà tí ó ń pè ní ti agbedeméjì yóò dá a padà sí ibi tí ó ti wá. Agbedeméjì òòfà yìí gba àríwá Nàìjíríà kọjá. Ìbàdàn wà ní gúúsù rẹ̀, kò sì jìnnà púpọ̀ sí i. Èyí túmọ̀ sí pé ẹyẹ tí ó bá ti Yúróòpù wá sí Ìbàdàn ti kọjá ibi tí kọ́ńpáàsì rẹ̀ ti yadi.

Ní 1992, Wolfgang àti Roswitha Wiltschko kan náà gbé ẹyẹ kékeré kan yẹ̀ wò, Sylvia borin, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 18 gíráàmù, tí ó sì máa ń gba Nàìjíríà kọjá lọ sí gúúsù Áfíríkà. Wọ́n fi í sínú ipá òòfà tí ó tẹ́jú fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ó wà lórí agbedeméjì náà. Lẹ́yìn èyí, ẹyẹ náà yí ìtumọ̀ kọ́ńpáàsì rẹ̀ padà: ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà agbedeméjì, ó sì kọjú sí ọ̀nà òpin ayé. Títẹ́jú òòfà tí ì bá ṣì í lọ́nà ni ó di àmì tí ó ń sọ fún un pé ó ti dé agbedeméjì.

Ohun tí ìtàn yìí fi pamọ́ wà ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Elgood ń ka ẹyẹ, àwọn onímọ̀ físíìsì nínú ọgbà kan náà ń wọn ipá òòfà ilé-ayé àti òfuurufú lókè rẹ̀, nítorí pé ìtòsí agbedeméjì òòfà sọ Ìbàdàn di ibi tí gbogbo ayé fẹ́ gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ọdún Ìmọ̀ Ilé-ayé Àgbáyé, láti oṣù Keje 1957 títí dé oṣù Kejìlá 1958, bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Cyril Agodi Onwumechili, tí ó padà di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n sọ agbedeméjì òòfà Nàìjíríà di ohun mímọ̀ káàkiri àgbáyé. Ilé iṣẹ́ kan ń ka ẹyẹ tí ó kọjá lórí ìlà kan, ilé iṣẹ́ kejì sì ń wọn ìlà náà. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọn lẹ́bi pé wọn kò so ó pọ̀, nítorí pé ìmọ̀ tí ì bá jẹ́ okùn láàrin wọn kò tíì jáde ní Frankfurt. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ohun èlò ìdáhùn lè wà nínú ilé kí ìbéèrè tó kan ilẹ̀kùn.

Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bí ara ẹyẹ ti ń gbọ́ òòfà. Èrò tí ó lókìkí jù ni pé èròjà kan tí ń jẹ́ cryptochrome, tí ó wà nínú ẹyinjú, ni ó ń ṣe é nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àwòdì òkè ń fi ojú rí ohun tí ará ilẹ̀ kò lè rí.

Igbó Tí Ó Kù

Ní 1967, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ford Foundation àti Rockefeller Foundation, ìjọba Nàìjíríà fi ìdí IITA múlẹ̀ lórí nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà ilẹ̀ ní àríwá Òjóò. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Abúlé wà níbẹ̀, àgbẹ̀ sì ń dáko níbẹ̀. Wọ́n kúrò, odi sì yí ilẹ̀ náà ká. Apá tí wọn kò fi ṣe oko ìwádìí tàbí ilé, nǹkan bí 350 hẹ́kítà, padà di igbó. Ìgbòrò tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ hu igi, igi ga, ẹyẹ sì dé. Lónìí, àwọn onímọ̀ àgbáyé ka igbó náà mọ́ àwọn ibùdó ẹyẹ tí ó ṣe pàtàkì. A.G. Leventis Foundation ti ṣe ìrànwọ́ fún ìtọ́jú rẹ̀, àwọn olùwádìí sì ń ta àwọ̀n níbẹ̀, wọ́n ń de òrùka mọ́ ẹyẹ, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n sì ń dá wọn sílẹ̀.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kóro. Odi tí ó lé àgbẹ̀ jáde ni ó dá igbó sí. Bí kò bá sí odi náà, kò dájú pé igi kan ì bá kù níbẹ̀ lónìí, nítorí pé ilé ti kún láti Òjóò dé Móníyà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹyẹ lórí ilẹ̀ náà, tí wọ́n mọ orúkọ wọn àti ìgbà wọn, ni odi náà tì síta. Ìmọ̀ wọn kò bá ilẹ̀ náà wọ ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ yin igbó náà gbọ́dọ̀ ka ohun méjèèjì pọ̀.

Igbó náà sì ń gbé oríṣi ẹyẹ méjì tí ewu wọn yàtọ̀. Malimbus ibadanensis kì í rìnnà àjò. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ayé ti mọ̀ ọ́n, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n run. Bí igbó rẹ̀ bá tán, kò ní ibòmíràn tí yóò sá lọ. Ẹyẹ arìnrìnàjò, ní tirẹ̀, nílò ibi méjì àti gbogbo ibi ìsinmi tí ó wà láàrin wọn. Kí ó tó kọjá Sàhárà padà sí Yúróòpù, ó gbọ́dọ̀ jẹun títí ọ̀rá yóò fi kún ara rẹ̀, títí ìwọ̀n àwọn mìíràn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kọ́ńpáàsì tí ó péye kò wúlò fún ẹyẹ tí kò rí oúnjẹ jẹ. Àwọn tí ń fò lóru tún ní ìṣòro mìíràn: iná ìlú ńlá a máa ṣi ẹyẹ lọ́nà, ìlú sì ń tàn sí i lọ́dọọdún.

Ìkádìí

Ìtàn yìí kò dá ẹnikẹ́ni láre pátápátá. Àgbẹ̀ mọ ìgbà, kò mọ ibi. Onímọ̀ ẹranko mọ ibi, kò fi orúkọ tí àgbẹ̀ pe ẹyẹ sínú ìwé rẹ̀. Onímọ̀ físíìsì mọ ìlà tí ẹyẹ ń kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kan ẹyẹ. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni ìmọ̀ yóò pé.

Ìpàdé náà kò tíì bọ́. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n dáko rí ní Akínyẹlé àti ní agbègbè Òjóò ṣì lè sọ ìgbà tí lékèélékèé máa ń dé nígbà èwe wọn. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ 1973 àti ti àwọn tí ń de òrùka nínú igbó IITA, a lè mọ̀ bóyá ìgbà ẹyẹ ti yí padà bí ìgbà òjò ti ń yí padà. Irú ìbéèrè yìí kò ṣeé dáhùn láti inú ìwé àwọn onímọ̀ nìkan, torí pé ìwé náà kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sì ṣeé fi sílẹ̀ di ọ̀la, torí pé àwọn tí wọ́n lè dáhùn rẹ̀ ń darúgbó. Ọmọ tí a bí sí Òjóò lónìí lè mọ orin lékèélékèé lórí fóònù kí ó tó rí ẹyẹ náà lójú.

Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun, kò sì dí i lọ́wọ́. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará ilẹ̀ tí wọ́n ń wò ó kò mọ ara wọn.